Iná Tí Mo Ní Kí Wọ́n Kàn Sókè Ìlẹ̀kùn

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Wọ́n rán àna wa níṣẹ́ nínú ilé yín. Mo kọ gbólóhùn yìí ṣáájú ìkíni gbogbo, nítorí pé n kò lè fi ìkíni bo ohun tí kò bójú mu mọ́lẹ̀, àti nítorí pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ kọ́ wa pé àna kì í ṣe ẹni tí à ń rán níṣẹ́. Láti ọjọ́ tí Mùdá àbúrò mi ti gbé Rísí níyàwó, ẹ kò jẹ́ kí ìyá Rísí fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa àga nínú ilé yìí rí. Bí ó bá wọlé, ẹ̀yin ni ẹ máa ń dìde. Nísinsìnyí tí ẹ kò sí láàárín wa mọ́, wọ́n ní kí obìnrin náà lọ bu omi àlùwàlá wá, ó sì bù ú wá. Ẹni tí ó rán an ni Ìyá wa.

Mo kí yín, Bàbá. Ó ti di ọdún méjì tí mo ti kí yín gbẹ̀yìn lójúkojú. Ilé-ẹ̀kọ́ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, níhìn-ín ní Oníkan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti túká. N kò lè kọ ọ́ nílé. Bí mo bá gbé ojú sókè nílé, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni mo ń rí, èrò mi kò sì ní tọ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni. Oòrùn ti wọ̀, Ìyá sì ti jókòó sórí àga rẹ̀ ní òpin pálọ̀, níbi tí ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń dúró de ìrun Mọ̀gàríbà. Lántánì wà lórí tábìlì. Ìyá Rísí, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Òkè Àrin nítorí pé ibẹ̀ ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, ti ọjà dé, ó gbé páálí súgà kan àti mílíìkì agolo mẹ́ta lọ́wọ́ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kí wọ́n kí òun káàbọ̀. Rísí wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì gbọ́ gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Òun ni ó sọ ọ́ fún mi nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú omijé.

"Rísí," ni Ìyá pè, "kí lo dúró gbagidi sí bí òpó? Gbé bùtà yẹn, kí o bu omi sí i fún mi. Ṣé kí ìrun kọjá lórí mi ni? Irú ọmọ wo tiẹ̀ nìyí? Ta ló kọ́ ọ nílé ná?"

Ìyá Òkè Àrin gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó mú bùtà, ó lọ sí ìdí àmù, ó bu omi kún un, ó sì gbé e síwájú Ìyá. Ìgbà náà ni ó tó la ẹnu.

"Omi rèé o, Ìyá. Èmi tí mo kọ́ Rísí nílé náà ni mo bù ú wá."

Mo pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí mo ti ń wọlé bọ̀. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, ó sì kọjá lára mi láìbi mí léèrè iṣẹ́, láìbi mí léèrè ara.

Bàbá, mo wá ṣe ohun tí ojú ń tì mí láti kọ sílẹ̀. Mo wọlé, mo dúró níwájú ìyá tí ó bí mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì. Mo ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i létí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó sọ.

"Lántánì yẹn ló ń rú èéfín, Tíṣà."

Ẹ mọ̀ pé kì í pè mí ní Tíṣà àfi bí ọ̀rọ̀ mi bá dùn ún. Mo gbé lántánì náà, mo fi aṣọ nu gíláàsì rẹ̀. Aṣọ náà mọ́ bí mo ti mú un. Mo rí i pé ó mọ́. N kò sì bi ara mi ní ìbéèrè kankan.

Báyìí ni a ṣe pinnu láti fa iná mànàmáná sínú ilé. Òpó iná ti wà ní ojúde wa tipẹ́ kí ẹ tó fi wá sílẹ̀, ilé mẹ́rin ní àdúgbò sì ti fà á wọlé níṣojú yín. Ẹ̀yin ni ẹ ń sún un síwájú. Ẹ máa ń wí pé ẹ kò tíì rí ọ̀nà tí wáyà yóò gbà dé inú pálọ̀ láìdá àpá sára àjà. N kò dá yín lẹ́bi. Ta ni yóò ṣe irú àjà bẹ́ẹ̀ tí yóò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbé ayùn sí i? Igi ọmọ̀ ni láti ògiri dé ògiri, ahọ́n pátákó kan wọnú ẹnu èkejì, kò sí orí ìṣó kan tí ojú lè rí, ìràwọ̀ onígun mẹ́jọ sì wà ní àárín gbùngbùn. Mo ṣì kéré nígbà tí ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n mo rántí pé ẹ kò fi àtẹ́lẹwọ́ yẹ pátákó wò rí. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni ẹ fi ń tọ́ ọ. Ẹ ní àtẹ́lẹwọ́ káfíńtà ti di awọ, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ṣì ń gbọ́ràn. Bí ẹ bá sì fẹ́ wo àjà náà, ẹ ó kọ́kọ́ ṣí fìlà, ẹ ó fi sábẹ́ apá, kí ó má baà jábọ́. Mo rò nígbà náà pé àjà ni ẹ ń bọ̀wọ̀ fún.

Oníṣẹ́ iná tí Mùdá mú wá ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Òjó, ará Iléṣà. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ìṣó há ẹnu sọ̀rọ̀, mo sì ní kí ó kọ́kọ́ tu wọ́n sílẹ̀ kí ó tó kí Ìyá. Ó tu wọ́n. Ó là á yé wa pé ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbé iná gbà. Èkíní, kí wáyà gba òkè àjà, kí gílóòbù rọ̀ sílẹ̀ láti inú ihò tí a bá lu. Èkejì, kí a kan ìdí gílóòbù mọ́ ojú àjà gan-an, kí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta, kí a fi apá irin kan sára ògiri, kí gílóòbù jókòó sí orí rẹ̀. Ó gun àkàbà, ó fi ẹ̀yìn òòlù kan àjà yín kókó, ó dẹ etí sí i, ó tún kàn án níwájú díẹ̀.

"Pátákó nìkan ò lè gbé e," ni ó wí. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún bí àgbá òfìfo? Níbí yìí ló ti dún kì. Igi ńlá wà lókè ibí. Òun ni mo máa kàn án mọ́."

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀," ni mo wí. "Ẹ kò ní kan nǹkan kan mọ́ ọn."

"Àǹtí mi," ni Mùdá wí, "àárín àjà ni wọ́n ń gbé iná sí níbi gbogbo."

"Ibi gbogbo kọ́ nìyí. Ilé Bàbá nìyí."

Mo yan ògiri. Mo sì yan òkè ìlẹ̀kùn lára ògiri náà, mo sì ní ìdí mi. Bíríkì tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni ògiri, Bàbá. Bíríkìlà èyíkéyìí lè rẹ́ ẹ padà. Mo tún rò ó pé ohun iyì ni kí àlejò bọ́ sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ bí ó bá ti ń wọlé. Mo yàwòrán rẹ̀ sínú ìwé, mo fi rúlà fa ìlà sí i, mo sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Òjó wo ìwé náà, ó wo mí, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì tún ìṣó rẹ̀ há ẹnu. Ó kan iná náà sí ibi tí mo ní kí ó kàn án sí.

Nígbà tí wọ́n tẹ súwíìṣì, ilé hó. Rísí bú sẹ́rìn-ín, àwọn ará ilé kejì yọjú lójú fèrèsé. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì ní ó mọ́lẹ̀ rekete. Mo wo òkè. Àjà yín kò ní àpá kan lára. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, inú mi sì dùn sí ara mi ju bí ó ti yẹ lọ.

Mo wá fi Mùdá ránṣẹ́ sí Òkè Àrin pé kí àna wa jọ̀wọ́ wá sílé ní ìrọ̀lẹ́ Àlámísì, kí a lè tọrọ àforíjì bí ó ti yẹ. Ó pẹ́ kí ó tó gbà. Ó kọ́kọ́ ní òun kò ní àyè, lẹ́yìn náà ó ní òun yóò wò ó. A tẹ́ ẹní tuntun. Ìyá wọ aṣọ tí ẹ rà fún un kẹ́yìn. Mo ti kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tí yóò sọ, èmi ọmọ tí mo mọ gbogbo nǹkan. Mo wà ní ìdí tábìlì pẹ̀lú àwọn ife lọ́wọ́ nígbà tí òjìji bo ẹnu ọ̀nà, tí obìnrin kan sì wọlé láìsọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí àna tí inú ń bí ti máa ń wọlé.

Ìyá gbé ọwọ́ bo iwájú orí, ó wò ó. Ó sì na ọwọ́ kejì sí i tayọ̀tayọ̀.

"Ìyá Àfúsá! Wọlé jàre, wá jókòó tì mí. Àna wa tí inú ń bí yẹn ò tíì dé o. Àyà mi ń já."

Bàbá, Ìyá Àfúsá ni aládùúgbò wa tí ó ń gbé ní ojúlé kejì. Òun àti àna wa kò jọra rárá. Ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dú.

"Ó ti dé o," ni Ìyá Òkè Àrin dáhùn. "Inú ṣì ń bí i."

Mo ti kúnlẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò wò mí. Ó gbé ojú sókè wo iná tí ó wà lókè orí rẹ̀, ó yí padà wo ọwọ́ tí Ìyá ṣì fi bo ojú. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó rìn lọ bá Ìyá, ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú Ìyá.

"Ìyá, ẹ wò mí dáadáa. Ta ni mí?"

"Háà," ni Ìyá wí. "Háà, àna mi."

"Láti ìgbà wo?"

Ìyá Òkè Àrin jókòó ti Ìyá lórí ẹní, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì wá kọjú sí èmi àti Mùdá.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ súkúlù wọ̀nyí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé yanjú, ìyá yín ò ríran nírọ̀lẹ́, ẹ ò mọ̀! Èmi ni mo ń bá a bínú, ẹ̀yin lẹ yẹ kí n bá bínú. Ìwọ Tíṣà, kí lò ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ gan-an?"

Àna wa ti dárí jì í, Bàbá. Ìyẹn ti parí, ó sì parí pẹ̀lú ẹ̀rín ní ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí pé ó ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ìsọ̀ tí ó yí i ká bí wọ́n ṣe pe òun ní Ìyá Àfúsá. Ṣùgbọ́n Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Láti Àlámísì náà, kò jókòó ní pálọ̀ mọ́. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, yóò wọ yàrá, yóò sì ti ìlẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá wá kí i, a ó ní ó ti sùn. Obìnrin tí gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ń wá kí, ẹni tí kì í jẹ́ kí àlejò jókòó kí ó tó béèrè ọmọ rẹ̀ ní orúkọ ní orúkọ! Ó ní òun kò ní fi ẹnu òun bú ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ilé ọkọ òun. Dókítà ojú ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ojú náà kì yóò padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ó bá wà ní ipò tí ó tọ́ yóò ràn án lọ́wọ́ gidigidi. Ní ipò tí ó tọ́: ó tún gbólóhùn náà sọ, bí ẹni pé ó mọ̀ mí.

Nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ bá a ní yàrá, mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún wa. Ó bu òkèlè kan kí ó tó dáhùn.

"Bàbá yín ló ń fi ẹnu tan iná fún mi. Láti ìgbà tó ti lọ, òkùnkùn ni mo ń kí káàbọ̀."

Ìgbà náà ni ó yé mi. Mo gbọ́ ohùn yín bí ẹni pé ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà: "Ìyá wọn, Ìyá Òkè Àrin ló dé o! Aró ló wọ̀ lónìí!" Gbogbo àlejò ni ẹ ń kígbe orúkọ rẹ̀ báyìí, ní ọdún tí ẹ lò kẹ́yìn láyé. Mo rò pé ọjọ́ orí ni. Ẹ rántí ọjọ́ tí mo mú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi méjì wá sílé, tí ẹ kígbe orúkọ wọn àti àwọ̀ aṣọ wọn? Mo fà yín sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo sì ṣàlàyé fún yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé àwọn ọ̀mọ̀wé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní ẹ ti gbọ́. Ní ọjọ́ kejì ẹ tún kígbe.

Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Ṣé ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ jọ pinnu pé kí àwa ọmọ má mọ̀? Tàbí ẹ rò pé bí mo bá mọ̀, èmi náà yóò yà á sínú ìwé pẹ̀lú rúlà? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kò ṣì mí mọ̀.

Lánàá, mo ní kí Mùdá pe Ọ̀gbẹ́ni Òjó padà. Ìyá ti wà ní yàrá. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Òjó dé, ó ní kí èmi jókòó sórí àga Ìyá. N kò jókòó síbẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti bí mi, mo sì kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jókòó. Ó ní kí Mùdá bọ́ síta kí ó tún wọlé. Bàbá, ọmọ ìyá mi ni ó wọlé, n kò sì rí ojú rẹ̀. Iná náà gún mi lójú; lábẹ́ rẹ̀, mo rí ohun dúdú kan tí ó ní èjìká.

"Ẹ rí i, Tíṣà?" ni Ọ̀gbẹ́ni Òjó wí. "Ẹ̀yìn àlejò ni iná yín ń tàn sí. Àbí ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀ nílé yín?"

Mùdá dá a lábàá pé kí a yí àga Ìyá padà, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ kọ ẹnu ọ̀nà. Mo kọ̀ ọ́. Ìyá ilé kì í fi ẹ̀gbẹ́ gba àlejò. Ọ̀gbẹ́ni Òjó wá fi lántánì kọ́ orí ọ̀pá, ó ń gbé e kiri lábẹ́ àjà, Mùdá sì ń wọlé, ó ń jáde, bí ọmọ-ogun. Lábẹ́ ìràwọ̀ yín, mo rí ojú Mùdá díẹ̀, ṣùgbọ́n iná ṣì ń bá mi jà. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ ibẹ̀, Bàbá. N kò ní purọ́ fún yín. Mo rò pé bí a bá tilẹ̀ máa lu ihò, ìràwọ̀ ni ó yẹ, ojú kì bá sì rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí lántánì kọjá ìràwọ̀ wá síwájú, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè orí mi, tí n kò rí i mọ́, mo rí Mùdá. Mo rí irun imú rẹ̀. Mo rí i pé ó ti ń hu ewú, n kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Lára pátákó lásán ni, kò sí ọ̀ṣọ́ kankan níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé ojú sókè yóò sì rí àpá náà títí ilé yìí yóò fi wó. Ọ̀gbẹ́ni Òjó fi òòlù kàn án. Ó dún kì. Mo ní kí ó fún mi ní òru kan kí n rò ó. Mo ti rò ó. Àjà yín dára, kò sì sí ẹni tí yóò tún ṣe irú rẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ṣe é kò fi àjà ṣáájú Ìyá nígbà tí ẹ wà láyé. Ẹ yan láti máa kígbe orúkọ àlejò fún un, ẹ sì jẹ́ kí àwọn èèyàn máa rò pé ẹ ti darúgbó. Èmi kò ní fi í ṣáájú rẹ̀.

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún Mùdá, mo sì kọ ọ́ fún yín pẹ̀lú kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí wọ́n tú iná òkè ìlẹ̀kùn kúrò, kí bíríkìlà sì rẹ́ ojú rẹ̀. Kí Ọ̀gbẹ́ni Òjó gé pátákó keje láti ògiri ẹ̀yìn, ní iwájú àga Ìyá díẹ̀, kí ó kan iná mọ́ igi tí ó wà lókè rẹ̀, kí ó sì fi ìbòrí sí i kí ó má baà gún un lójú. Kí Rísí lọ pe ìyá rẹ̀ àti Ìyá Àfúsá wá fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí àwọn méjèèjì jọ wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ orúkọ wọn. Kí Ìyá fúnra rẹ̀ pè wọ́n.

Èmi ni, àkọ́bí yín, tí ó ń fi ìfẹ́ kúnlẹ̀ kí yín.